Ohun Tí Ìyá Ìkókó Lè Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn aboyún, àwọn abiyamọ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú oyún, ẹ ó sọ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mo rí i pé àwọn kan ti mú sísọ́ọ̀sì dání. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Kí a tó mú abẹ́rẹ́ lónìí, ìṣáná la ó kọ́kọ́ ṣá.

Ègé aṣọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọ̀kan wá láti ara ìró ànkárá àtijọ́. Èkejì, láti ara aṣọ ìkókó tí wọ́n rán tà, tó ní àwòrán òdòdó. Ẹ gbà á, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fún ẹnìkejì yín. Méjèèjì ló rọ̀, ọwọ́ ò lè dájọ́ láàárín wọn. Ẹ wá wò ó báyìí. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ lára ìró, mo finá sí i lórí àwo irin: ó jó wẹ́rẹ́, òórùn bébà tó jóná ló ń rùn, eérú rẹ̀ sì fọ́ kúnná nígbà tí mo fìka tẹ̀ ẹ́. Kọ́tìnnì nìyẹn. Mo fa fọ́nrán ti èkejì: yíyọ́ ló ń yọ́, èéfín rẹ̀ dúdú, òórùn ọ̀rá ló gba imú wa, nígbà tó sì tutù, ó di kókó líle tí èékánná mi ò lè fọ́. Polyester nìyẹn, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kí ló kan ọmọ níbẹ̀? Kọ́tìnnì a máa fa omi mu. Ọmọ làágùn, ó fà á. Ọmọ da itọ́, ó fà á. Wàrà kán sí i, ó fà á. Polyester kì í fà á bẹ́ẹ̀, ara ọmọ ni omi náà máa wà. Ẹ̀yin náà mọ ooru tó ń mú ní ìlú yìí láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún. Ara ìkókó ò tíì lè dá ooru dúró bíi ti àgbà. Bí a bá fi aṣọ tí kò gba atẹ́gùn wé e, ara rẹ̀ á sú, abẹ́ ọrùn rẹ̀ á pọ́n, kò sì ní lè sùn, ìyá náà ò sì ní sùn.

Nítorí náà, tí ẹ bá lọ ra aṣọ, ìbáà jẹ́ ní Tàkíé níbí tàbí ní Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àkọlé etí aṣọ nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bẹ aláṣọ kó gé díẹ̀ fún yín láti etí rẹ̀, kí ẹ lọ finá dán an wò nílé, níbi tí ọmọ ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná ní ìsọ̀ aláṣọ o.

Aṣọ tó sàn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì lè má ná an ní kọ́bọ̀. Ó ti wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Ìró kọ́tìnnì tí a ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti sún kì tán, aró rẹ̀ tó fẹ́ ṣí ti ṣí, sítáàṣì inú rẹ̀ ti lọ. Kò sí ìtìjú kankan nínú fífi ìró àtijọ́ rán nǹkan fún ọmọ tuntun. Aṣọ tuntun ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ nínú omi gbígbóná kí a tó gé e, torí kọ́tìnnì tuntun á sún kì, ohun tí a rán gún régé á sì wọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Àdìrẹ ẹ̀lú ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Kò sí ohun tó dé ọwọ́ ìkókó tí kì í kó sẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ kó dá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lójú ni pé, ẹni tó bá ti lè rán ojú ọ̀nà tààrà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti lè rán èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìkókó àti ìyá rẹ̀ nílò. Ìkókó ò nílò kọ́là, kò nílò síìpù. Onígun mẹ́rin ni ìlédìí. Onígun mẹ́rin ni aṣọ èjìká. Ọ̀já náà, onígun mẹ́rin gígùn ni. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ohun tí a fi rán an, bí etí rẹ̀ ṣe rí, àti ohun tí a fi dè é. Ibi mẹ́ta yìí náà ni ewu wà, èmi ò sì ní yára kọjá lórí wọn.

Máṣíìnì ọlọ́wọ́ tó wà nílé ìyá àgbà ti tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò kàn án. Ẹ gbá eruku inú rẹ̀, ẹ kán epo máṣíìnì sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà 12 fún kọ́tìnnì fẹ́lẹ́, 14 bí táwẹ̀lì bá wà nínú rẹ̀ tàbí tí aṣọ bá ti di ìpele mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ tó ti kújú a máa fo ojú rírán, ibi tó sì fò yẹn ni yóò tú.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ èjìká bẹ̀rẹ̀, èyí tí à ń tẹ́ sí èjìká tí a bá fẹ́ kí ọmọ gùnfẹ̀ lẹ́yìn ọmú. Ẹ ra yáàdì kan aṣọ flannel, kọ́tìnnì tó nípọn tí ojú rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 45. Lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, tí ẹ sì lọ̀ ọ́, ẹ gé e sí ègé-ègé, ínǹṣì 10 ní ìbú, ínǹṣì 20 ní gígùn. Bó ti wù kó sún kì tó, ègé mẹ́fà á jáde níbẹ̀. Méjì-méjì la ó so pọ̀, ó di aṣọ èjìká mẹ́ta. Ẹ kọ ojú ègé méjì síra wọn, kí ẹ̀yìn wọn wà níta, ẹ fi píìnì mú un. Ẹ rán an yípo, kí ojú ìrán fi ààbọ̀ ínǹṣì jìnnà sí etí, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu tó ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ láìrán. Níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ parí sí, ẹ rán an lọ, ẹ rán an bọ̀, kó má baà tú. Ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò láìjẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kan òwú. Ẹ fa inú rẹ̀ síta láti ẹnu yẹn, ẹ fi ìdí bírò ti igun kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ wá ká etí ẹnu náà wọnú, ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́, kí ẹ tún rán an yípo lẹ́ẹ̀kan sí i ní etí pátápátá. Ìrán ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló dí ẹnu pa, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ègé méjèèjì sá fún ara wọn nínú omi ọṣẹ.

Mo pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà yìí kan náà la ó fi rán ohun gbogbo yòókù. Gbogbo etí tó lè tú ti wọnú, fọ́nrán kan ò sí níta. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mò ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ fọ́nrán.

Pádì inú kọ́mú ló kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìfi omi kún un, kó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ọyàn rẹ̀ ń ṣẹ̀ yóò lo pádì títí. Ẹ fi ìdérí agolo mílíìkì tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5 fa ìlà róbótó sórí aṣọ. Flannel ni kó kan ara, táwẹ̀lì àtijọ́ ìpele méjì ni kó wà láàárín, kọ́tìnnì ni kó wà lẹ́yìn. Ẹ rán an bí a ṣe rán aṣọ èjìká. Kìkì pé, nítorí pé ó róbótó, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ yípo kí ẹ tó yí i síta, kó lè tẹ́ dáadáa. Mo rí àwọn tó ń fi ọ̀rá sẹ́yìn rẹ̀ kí wàrà má baà dé ara bùbá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Orí ọmú tó wà nínú ọ̀rinrin láti àárọ̀ di alẹ́ á bó, á ta ìyá, ọ̀pọ̀ ló sì torí ìrora yẹn já ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó rin, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tó bá ti rin. Ìyẹn ló fà á tí mo fi ní kí pádì pọ̀ nílé.

Ìlédìí ò ní gba àkókò wa: ínǹṣì 24 ní ìbú, 24 ní gígùn, ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí o rán an, ó parí. Sísá rẹ̀ ló lọ́rọ̀ nínú. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a bá sá sórí koríko tàbí sílẹ̀ yanrìn. Nígbà tí aṣọ náà bá kan ara, ìdin rẹ̀ á wọ awọ ọmọ lọ, ibẹ̀ á wú bí eéwo, ìdin á sì máa dàgbà nínú rẹ̀. Orí okùn nínú oòrùn ni ká máa sá aṣọ ọmọ sí, ká sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú-tẹ̀yìn, títí kan ojú ìrán àti etí tí a ká, torí ibẹ̀ ló máa ń fara pamọ́ sí.

Ó wá kan bíìbù àti fìlà, àwọn ohun tó ń dé ọrùn. Ẹ má fi okùn sí i. Mo mọ̀ pé okùn ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn lè há sára ibùsùn tàbí sára ilẹ̀kùn, kó sì fún ọmọ lọ́rùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ariwo. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà kan wà fún aṣọ ọmọdé, EN 14682 lorúkọ rẹ̀, tí kò fàyè gba okùn ìfàsópọ̀ ní ọrùn àti ní ìborí aṣọ àwọn ọmọ kékeré. Ẹ lo Velcro, ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ra, tàbí bọ́tìnnì àtẹ̀pa, irú èyí tó máa já fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá fà á. Kí a sì bọ́ bíìbù kúrò lọ́rùn ọmọ kó tó sùn.

Bọ́tìnnì tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ìlẹ̀kẹ̀, rẹ́bọ́ǹnù tí a dì bí òdòdó, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kàn yín ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré ọmọdé wò ní Amẹ́ríkà ní ike róbótó kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 31.7. Nǹkan kékeré tó bá lè wọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lára ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, torí ó lè há a lọ́fun. Nílé, ẹ lè lo páálí róbótó tó wà láàárín tíṣù. Ó fẹ̀ ju tiwọn lọ díẹ̀, ìyẹn sì dára fún wa.

Mo ní mò ń padà bọ̀ sórí fọ́nrán. Ìbọ̀wọ́ ìkókó rèé, irú èyí tí wọ́n máa ń kó mọ́ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú páálí ẹ̀bùn ìkómọ. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Ṣé ẹ rí àwọn òwú tó ń rọ̀ níbi ojú ìrán? Ọmọ á máa ju ọwọ́, á máa ju ẹsẹ̀, òwú kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí lè wé mọ́ ìka rẹ̀. Bó ṣe ń mira ni òwú á máa fún sí i, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá, ìka á wú, á pọ́n, á wá dúdú. Ọmọ á máa ké, ìyá á máa fún un lọ́mú, ìyá àgbà á ní inú rírun ni. Irun orí tó já lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú, irun ìyá sì máa ń já gan-an lẹ́yìn ìbímọ. Bí ọmọ bá ń ké tí a ò mọ ìdí, ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kí ẹ wo ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá ti wé mọ́ ọn tí kò ṣeé yọ wẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rán ìbọ̀wọ́, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn síra, ẹ rán an ní etí tímọ́tímọ́, ẹ gé etí tó kù kó kúrú. Ẹ wá yí i, kí ojú kọ síra, ẹ tún rán an, kí ìrán àkọ́kọ́ di ohun tí ìkejì bò mọ́lẹ̀. Etí kankan ò ní sí nínú, kò ní sí níta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ gé èékánná ọmọ, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ rẹ̀ kan ọyàn ìyá rẹ̀.

Ọ̀já. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù, torí mi ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìlú òyìnbó tó ju ọ̀já lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀: ó yà gbàgà bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, orúnkún rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí oríkèé ìbàdí ìkókó ṣe ń fẹ́ wà gan-an nìyẹn. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti máa ń na ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó dì í pọ̀, oríkèé yìí máa ń yẹ̀ lára ọmọ ju níbi tí wọ́n ti ń pọn ọmọ lọ. Ní Jàpáànì, láti nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n polongo fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má di ẹsẹ̀ ìkókó ní nínà mọ́, iye ọmọ tí ìbàdí wọn ń yẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi. Ohun tí àwọn ìyá ńlá wa ti ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ wé ọmọ kó lè sùn, ẹ wé àyà rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó ráyè ká a.

Rírán ọ̀já: yáàdì méjì ní gígùn, ínǹṣì 25 ní ìbú. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn rẹ̀, kó di méjì, ẹ rán an bí aṣọ èjìká, ẹ yí i síta. Ó kù ínǹṣì 12 ní ìbú. Ọ̀já tó tín-ín-rín á gé ìyá láyà, kò sì ní gbé ìdí ọmọ dáadáa. Aṣọ tó ń fà ò dára fún un, torí ọmọ á máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìyá tó mọ̀. Ẹ rán etí rẹ̀ ní ìlà méjì. Kí ẹ tó gbé ọmọ sínú rẹ̀, kí ènìyàn méjì dì í mú ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fà á tagbára-tagbára, kí ẹ gbọ́ bóyá òwú kan já. Ẹ máa tún un yẹ̀ wò lóṣooṣù, ní pàtàkì ibi tí à ń so kókó rẹ̀ sí.

Ìrọ̀rí ńkọ́? Ìrọ̀rí tí ìyá ń gbé sórí itan kí ọmọ lè dé ibi ọyàn dára púpọ̀, àgàgà fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ lè fi òwú àràbà kún inú rẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá ti mu ún tán, kó kúrò lórí ìrọ̀rí. Àwọn dókítà ọmọdé ò fẹ́ ìrọ̀rí kankan níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ń sùn sí, àti èyí tí wọ́n ń tà pé ó ń tún orí ọmọ ṣe. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tó le tó tẹ́jú. Láti 1994 ni wọ́n ti ń polongo sísun lẹ́yìn yìí ní Amẹ́ríkà, ikú òjijì àwọn ìkókó lójú oorun sì dín kù níbẹ̀ tó ìdajì láàárín ọdún díẹ̀.

Aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi kọ́rùn láti fọ́mọ lọ́yàn níta, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín tiwa, fífọ́mọ lọ́yàn ò tini lójú, ìborùn sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ rán an, kó lo kọ́tìnnì fẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí òun lè máa rí imú ọmọ.

Ìpamọ́ ló kù, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Mo ní kí ẹ lọ wo inú àpótí ìyá yín. Kí ni ẹ máa kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀? Káńfọ̀. Bọ́ọ̀lù funfun yẹn, naphthalene ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àjogúnbá ni, ọmọkùnrin ló sì ń bá jù. Kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa rárá. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní in. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ẹyinjú àti ara rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Bí nǹkan tó ń fa pípọ́n yìí bá pọ̀ dé ọpọlọ, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ, ó sì lè sọ ọ́ di adití tàbí kó ba rírìn rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ọmọ tí kò sí ohun tó ṣe é nígbà tí a bí i! Ẹ má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ bá ti pọ́n, ẹ má gbé e sí oòrùn kí ẹ máa wò ó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìró tó ti pẹ́ nínú káńfọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ tún un fọ̀. Bí òórùn náà bá ṣì kù lára rẹ̀, ẹ wá ìró mìíràn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tó gbẹ ti tó fún ìpamọ́, bí aṣọ inú rẹ̀ bá ti gbẹ dénú.

Ìyá kan béèrè bóyá a lè fi òfì Ìsẹ́yìn rán ọ̀já. A lè fi ṣe é, ó sì lágbára. Kọ́tìnnì ni kí ẹ fi tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ yẹra fún òfì tó ní òwú dídán, torí ó máa ń họ ọmọ lára.

Àbúrò kan ní òun ò ní máṣíìnì, oyún òun sì ti pé oṣù méje. Fi ọwọ́ rán an, àbúrò mi. Fi òwú tó lágbára, kí o máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí o bá gún un, kí ojú rírán kọ̀ọ̀kan di èyí tó ṣáájú mú. Ọ̀já nìkan ni kí o gbé lọ bá ẹni tó ní máṣíìnì. Pádì ni kí o kọ́kọ́ rán, méjìlá, torí ọyàn lè ti máa ṣẹ̀ kí o tó bí, ó sì kéré tí a fi lè máa rán an nígbà tí a bá jókòó de dókítà. Lẹ́yìn náà aṣọ èjìká mẹ́fà, lẹ́yìn náà ìlédìí, iye tí agbára rẹ bá ká. Fọ gbogbo rẹ̀, lọ̀ wọ́n, kí o kó wọn sínú báàgì tí o máa gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí.